Ìyá Àgbà Tó Ń Fọ Bíréèkì Lọ́dọọdún

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin Ìyá Àgbà mi, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣe àdúà tán, tí oúnjẹ ti ń yí ká, àbúrò mi kan dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lọ. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní Ìyá Àgbà ti ní bọ́ọ̀sì nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìkòròdú ò tíì ní kẹ̀kẹ́. Ó ní wọn kì í parọ́, wọn kì í sì í gba irọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé o! Màmá tó ń fọ bíréèkì lọ́dọọdún, bíréèkì tiwọn náà ló padà já ní Èbúté!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ààfáà rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó níwájú, mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, mo tiẹ̀ ń fọwọ́ lu itan.

Mo délé, ẹ̀rín náà ò dà nínú mi. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló mọ bí bíréèkì yẹn ṣe já. Èmi ni mo já a. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ìyá Àgbà mọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú. Ní báyìí tí wọ́n ti lọ, orúkọ wọn ló kù sílẹ̀, àbàwọ́n kan ṣoṣo tó wà lára orúkọ náà, ọwọ́ mi ló fi síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò kàwé jìnnà. Kíláàsì karùn-ún ni èmi àti ìwé ti pínyà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Màá fi sí i níbi tó bá ti kan Ìyá Àgbà, torí pé ó tọ́ sí wọn. Ibi tó bá ti kan èmi, mi ò ní fi ẹyọ kan sí i.

Sàbítíyù lorúkọ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Ìyá Kúdí, torí Kúdírátù, ìyá tó bí mi, ni àkọ́bí wọn. Àwọn dírẹ́bà ń pè wọ́n ní Ìyá Bíréèkì, tí wọ́n bá ti rí i dájú pé ẹ̀yìn wọn ni àwọn wà. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ẹbí ní ọgọ́rùn-ún lé méjì. Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọgọ́fà ni, wọ́n sì gbà á, torí pé ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbálẹ̀ lé ewúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, kò sí iye tó o sọ fún un tí kò ní gbà. Wọn ò ga rárá. Tí wọ́n bá jókòó síwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, gèlè wọn nìkan lèèyàn ń rí láti ìta. Ó máa ń dà bíi pé gèlè kan ló wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Bọ́ọ̀sì náà, ẹja ló ń kó. Láàárọ̀, á gbé àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti Ẹ̀pẹ́, á gba Ìtòìkín, á dé Ìkòròdú, á já wọn sí Èbúté kí wọ́n lè kó ẹja yíyan wọn sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Èmi ni dírẹ́bà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún.

Àwọn èèyàn máa ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mọ̀ nípa ọkọ̀. Èmi fúnra mi ti sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé òyìnbó kan ló kọ́ wọn. Mo ti sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n lá àlá rẹ̀ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan ní Benson, ní Ìkòròdú. Wọ́n á gbé igbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tú, wọ́n á máa tajà, wọ́n á máa wò. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Ìyá Àgbà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí gan-an?"

Wọ́n ní, "Ẹnu mi ni mo fi ń ta ẹ̀kọ, Làsísì. Ojú mi ò níṣẹ́ kankan."

Ohun tí ojú náà kọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. Gbogbo dírẹ́bà ló mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n pàrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ti bíréèkì, tó bá ti lọ sílẹ̀ nínú ike rẹ̀, wọ́n á bu díẹ̀ sí i, ó parí. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń bu omi tó mọ́ sórí omi ìdọ̀tí, ó wá ń sọ pé òun ti fọ àmù. Wọ́n á mú agolo iyọ̀ wá láti inú ilé ìdáná, wọ́n á ṣí i. "Ta ló da omi sínú iyọ̀ yìí?" A ó ní kò sẹ́ni kankan. "Kí ló dé tó tutù?" Wọ́n á ní, "Afẹ́fẹ́ ni. Àsìkò òjò, létí ọ̀sà níbí, iyọ̀ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì yìí náà ń mu ún. Ẹ ò ní rí i. Ọjọ́ tí ẹ bá gbẹ́rù wúwo, tí ẹ tẹ bíréèkì títí tó fi gbóná, omi inú ẹ̀ á hó. Tó bá ti hó, ó di atẹ́gùn nìyẹn. Ẹ ó tẹ bíréèkì, atẹ́gùn lẹ ó tẹ̀."

Mo ti gbọ́ wàásù lẹ́nu àwọn ààfáà ńlá. Kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí tó agolo iyọ̀ yẹn.

Nítorí náà, lọ́dọọdún, tí mángòrò bá ti ń pọ́n, tí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n á mú ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ ò ní jáde. Ọjọ́ yẹn dà bí ọdún fún wa. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Mẹkáníìkì wa, Kàrímù, á wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti ìgò funfun. Ìyá Àgbà á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó sí àyè dírẹ́bà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán lé bíréèkì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó jìnnà jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún.

"Pọ́ǹpù, Màmá!"

"Mo ti pọ́ǹpù!"

"Ẹ dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

Kàrímù á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn taya, ọ́ìlì dúdú á gba inú rọ́bà ṣàn sínú ìgò. Á dé nọ́ọ̀tì náà pa kó tó sọ pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí ẹni orí bíréèkì bá gbẹ́sẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó le, afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ látorí. Èmi ló ń bu tuntun sínú ike lókè, torí pé ike náà ò gbọ́dọ̀ gbẹ. Báyìí títí ọ́ìlì tó ń jáde á fi mọ́ lóló, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan bẹ́ẹ̀, ọkùnrin olówó kan dé, agbádá rẹ̀ ti ń gba ọ̀nà méjèèjì. Ó ní òun fẹ́ gba bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́, kíá. Ìyá Àgbà ní ọkọ̀ ò jáde lónìí. Ọkùnrin náà gbaná jẹ. "Màmá, ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Wọn ò yíjú. Wọ́n ní, "Mi ò lè wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì. Máa sọ ẹni tí o jẹ́, mò ń gbọ́."

Kàrímù yìí kan náà ti fojú winá wọn rí, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wa. Ọ́ìlì bíréèkì ò tó lọ́jọ́ kan, a ti pẹ́, ó sì ní kí òun fi omi ọṣẹ dí i títí a ó fi dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń ṣe é. Ó ti po ọṣẹ náà tán, ó ń hó nínú abọ́. Ìyá Àgbà gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bọ́ ẹ̀wù ẹ."

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"Bọ́ ọ."

Wọ́n fún un ní kànìnkànìn. Gbogbo Benson dúró wò ó. Mo ti mọ Kàrímù fún oṣù mẹ́fà nígbà náà, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé èèyàn pupa ni. Nígbà tó wẹ̀ tán, wọ́n fún un ní aṣọ ìnura, wọ́n ní, "Ohun tí ọlọ́ṣẹ ṣe ọṣẹ fún nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ìgò, torí pé ibẹ̀ ni mo ti kó sí i. Ọ́ìlì tí a bá fà jáde lọ́dún kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà á dé ìgò rẹ̀ pa, wọ́n á tò ó sójú fèrèsé yàrá wọn. Ọdún kan, ìgò kan. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n á nàka sí wọn, wọ́n á ka ọdún fún ẹ láti orí ìgò. "Èyí ni ọdún tí Kúdí bí ọmọ kẹta. Èyí dúdú jù, ọdún tí a ń gba ọ̀nà oko torí afárá já." Oòrùn àárọ̀ máa ń gba inú wọn kọjá. Mo ti rí fèrèsé aláwọ̀ mèremère nílé àwọn èèyàn ńlá. Kò sí èyí tó ní ẹwà àti ìtàn tó èyí.

Mo ti kọ ti Ìyá Àgbà tó. Ó kan èmi wàyí.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àbúrò Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀. Mángòrò ti ń pọ́n. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbé agolo ọ́ìlì tuntun lé mi lọ́wọ́. "Làsísì, ìwọ àti Kàrímù ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ tẹ̀ ẹ́, kí òun tú u."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àgbà."

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìpakodò nígbà náà, létí omi. Sátidé nìkan ló máa ń ráyè. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀, ìyàwó mi mọ̀wé jù mí lọ. Mo ránṣẹ́ sí Kàrímù pé Màmá ti sún un síwájú. Mo ṣí ike ọ́ìlì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa èyí tó wà lókè kúrò, mo bu tuntun sí i kó lè mọ́ lójú, mo fi ìkánjú dé e, ìdérí náà ò sì wọ̀ dáadáa. Mo da èyí tó kù nínú agolo sí gọ́tà, kí agolo lè ṣófo. Ó wá ku ìgò. Wọ́n á béèrè ìgò. Mo wọ yàrá wọn, mo mú ìgò ọdún tó kọjá lójú fèrèsé, mo nù ún, mo sì gbé e sórí tábìlì bí ìgò tuntun. Ní ojú fèrèsé, mo sún àwọn tó kù kí àlàfo má bàa hàn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Ìpakodò, mo jẹ ẹja, mo rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà padà dé lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ti sin àbúrò wọn. Ojú wọn ti wú.

"O fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, Ìyá Àgbà."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Mo gbé ìgò náà fún wọn. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, kò sí ọdún tí wọn kì í fi ẹsẹ̀ ara wọn yẹ bíréèkì wò lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà. Wọ́n wá dáwọ́ dúró, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ ti tó."

Òjò rọ̀ fún oṣù méjì. Gbogbo ẹ̀ ló ráyè dé abẹ́ ìdérí tí mi ò dé dáadáa.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n ẹja wọn. Ìyá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, Ìyá Rísí ló jókòó lẹ́yìn mi, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Láti Benson ni típà oníyanrìn kan ti wà níwájú wa, ó ń rìn bí aboyún, mi ò ráyè kọjá. Mò ń tẹ bíréèkì, mò ń fi sílẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́, títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lọ sí Èbúté. Típà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀kọ.

Mo tún un tẹ̀. Mo fa bíréèkì ọwọ́, kò gbọ́. Níwájú wa, àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn wọn, ọ̀sà.

Ìyá Àgbà ò pariwo. Wọ́n ní, "Yanrìn."

"Ẹ̀n?"

"Yanrìn ọ̀tún yẹn. Wọ inú ẹ̀."

Òkìtì yanrìn tí àwọn oníyanrìn dà sílẹ̀ láti tà ni. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀, mo forí bọ̀ ọ́. Yanrìn gba ojú wíńdò dà lé wa lórí. Lẹ́yìn náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n apá Ìyá Rísí ti kán, ẹja rẹ̀ sì ti di ti yanrìn.

Wọ́n gbé e jáde, ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú, ó ń wo Ìyá Àgbà. "Ìyá Kúdí! Ọdọọdún lẹ ń dá wa jókòó sílé torí ọ́ìlì! Gbogbo dírẹ́bà lẹ bú tán! Ti yín dà? Ẹ̀yin tí a fi ń búra, ti yín dà?"

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Ìgbà kan péré ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Mo ń dúró kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò nínú gèlè, wọ́n yíjú padà sí Ìyá Rísí, wọ́n ní, "Ọkọ̀ mi ni. Èmi ni kí ẹ bú."

Àwọn èèyàn sì bú wọn. Wọ́n bú wọn fún ogójì ọdún. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n yìn mí. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọgbọ́n Làsísì tó wọ inú yanrìn, gbogbo wọn ì bá ti bómi lọ. Wọ́n sọ mí ní Làsísì Oníyanrìn. Mo dá wọn lóhùn. Mo jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ra bọ́ọ̀sì tèmi, orúkọ yẹn làwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ fi ń tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà lọ síwájú fèrèsé, wọ́n ń fi ìka ka ìgò. Wọ́n kà á dé ìparí, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún un kà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgò ọdún kan ló dín. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Kàrímù jókòó sílé, èmi ni kí n wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n jókòó sórí bíréèkì. Láti abẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, mo ní, "Ìyá Àgbà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Nọ́ọ̀tì ọwọ́ rẹ ti le?"

"Ó ti le."

"Bọ́ sí ẹsẹ̀ tó kàn."

Ìyá Rísí ò wọ ọkọ̀ wọn mọ́, kò sì kí wọn mọ́. Apá náà jinná, ó tẹ̀. Ọdọọdún tí Iléyá bá dé, Ìyá Àgbà á gé itan àgbò wọn, wọ́n á ní kí n gbé e lọ fún un ní Ẹ̀pẹ́. Ọdọọdún ni Ìyá Rísí ń dá a padà láì ṣí i. Mo ń gbé itan àgbò kan náà lọ, mo ń gbé e bọ̀. Ìyá Àgbà á sè é, wọ́n á pín in fún gbogbo ilé, fún àwọn ará àdúgbò, fún ẹni tó ń kọjá lọ. Èmi, wọ́n á bu ẹ̀wà fún mi. Mo bi wọ́n lọ́dún kan pé kí ló dé.

"Ẹran tí Ìyá Rísí ò bá jẹ, ìwọ ò ní jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ̀wà ní Iléyá fún ọdún tí mi ò lè kà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi bá mi wí nìyẹn láyé wọn. Mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n ní sùúrù, mi ò rí irú èyí rí.

Lọ́dún tó kọjá, a jọ jókòó lẹ́yìn ilé, mo ní kí n bi wọ́n kó tó pẹ́ jù. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Ìyá Rísí?" Wọ́n wá ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ó máa forí jì mí. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin ẹlẹ́ja tó máa wọ ọkọ̀ tí o bá ń wà mọ́. Iṣẹ́ wo lo tún mọ̀, Làsísì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo fi bọ́ọ̀sì mi lọ bí mo ṣe ń lọ. Mo bá Ìyá Rísí létí ọ̀sà níwájú ààrò ẹja, òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan tí wọ́n ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ mi. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Kò wá síbi ìsìnkú. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," bí ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Mo ní mi ò dìde. Mo sọ ọ́ látorí ilẹ̀ níbẹ̀: Ìpakodò, ìdérí, gọ́tà, ìgò ọdún tó kọjá, yanrìn tí kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ẹja kan ń jóná lórí ààrò, Ìyá Rísí ò yí i.

"Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti inú yanrìn ọjọ́ náà."

"Kí ló wá dé tí wọn ò sọ fún mi?" Mo sọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi fún un, ọ̀rọ̀ wọn gan-an, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i. Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó kù. "Ẹ gbọ́? Tún un sọ, Làsísì. Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà níbi omi yẹn náà, kí wọ́n gbọ́." Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn obìnrin ti pọ̀ sí i. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo parí, àwọn mẹ́rin yẹn lọ síbi ọkọ̀ mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n sọ agbọ̀n ẹja wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ìyá Rísí wẹ ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó sì wá wọ iwájú ọkọ̀ mi tó ti ṣófo. Ó fi apá tó tẹ̀ yẹn fa ilẹ̀kùn pa. Ó ní, "Gbé mi lọ síbi tí ẹ sin wọ́n sí."

A kọjá Ìtòìkín. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wò mí, ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Ogójì ọdún ni mo fi bá wọn bínú, Làsísì. Ó ti mọ́ mi lára. Kí ni mo máa wá sọ fún wọn báyìí?"